Eku Tí Kì Í Géni Jẹ

Bí ẹnikẹ́ni bá bi Agatha Ọbayẹmí léèrè pé kí ló ń fi eku ṣe, èsì kan náà ló máa ń fọ̀. Yóò ní nítorí àwọn tó ń sin ọ̀yà ni. Ọ̀yà tó ń ta gìrì, tó ń sọ ara rẹ̀ mọ́ irin àgò ní gbogbo ìgbà tó bá rí ènìyàn, kì í sanra, kì í sì í bímọ bó ti yẹ. Bí a bá lè mọ bí ìwà pẹ̀lẹ́ ṣe ń ti ara ìyá àti bàbá bọ́ sára ọmọ, àwọn àgbẹ̀ Uso àti Ifọ̀n yóò rí ẹran tó gbé jẹ́ẹ́ sìn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀hún kò pé. Ìdí kejì wà nínú ilé bàbá rẹ̀, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Boniface Ọbayẹmí, bàbá rẹ̀, ti jẹ́ akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ kó tó fẹ̀yìntì. Ènìyàn ńlá ni nínú ìjọ Kátólíìkì wọn; bó bá dìde láti ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Àìkú, ohùn rẹ̀ á dún kedere títí dé ẹnu ọ̀nà. Nílé, ohùn mìíràn ló ní. Ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ méjì fún un, Olúgbádé àti Agatha, ó sì kú nígbà tí Agatha ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni. Àwọn ọmọ méjèèjì mọ ìró alùpùpù bàbá wọn láti ọ̀ọ́kán. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, Agatha á wá igun yàrá kan jókòó sí, á ká eékún mọ́ àyà. Àárín pálọ̀ ni Olúgbádé máa ń dúró sí ní tirẹ̀. Bí ohunkóhun bá ti fọ́ tàbí tó sọnù nínú ilé, ẹni tó bá wà lójútáyé ni kóbókò ń bá, Olúgbádé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ tó fi ń dúró. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Boniface mọ ti òsì dáadáa. Ti ọ̀tún ni kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Olúgbádé wá dàgbà, ó sì di oníjà. Ó jà níléèwé, ó jà ní ọjà, ó lu kọndọ́ ọkọ̀ kan ní gáréèjì Ìkàrẹ́ títí wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ náà dé àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn ará àdúgbò a máa mi orí, wọ́n á ní ẹni bíni là á jọ. Lọ́jọ́ kan bàbá na kóbókò sókè sí i, Olúgbádé já a gbà, ó ti bàbá rẹ̀ ṣubú lulẹ̀, egungun ọrùn ọwọ́ bàbá sì kán. Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, ó gba abúlé Imoru lọ, ó di àgbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ Hàlímàt, ọmọ mùsùlùmí kan níbẹ̀, ó ránṣẹ́ sílé. Bàbá kò lọ síbi yìgì náà. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo ni òun bí, obìnrin sì ni.

Agatha ni obìnrin náà. Ó kàwé, ó di olùkọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú Ọ̀wọ̀. Kò pariwo, kò jà, kò sì lọ́kọ. Gbogbo ènìyàn ló ń yìn ín pé ó tutù. Òun náà mọ̀ pé ohun tó mú òun tutù kì í ṣe sùúrù nígbà gbogbo; nígbà mìíràn, ẹ̀rù tó bá ti pẹ́ lára ènìyàn máa ń jọ sùúrù.

Ó kó eku jọ láti inú àká àgbàdo ní Uso, àwọn eku ńlá aláwọ̀ ilẹ̀ tó máa ń gbé ìdí gọ́tà, ó sì mú wọn bímọ nínú àgò. Bí ọmọ wọn bá ti dàgbà tó láti dá jẹun, yóò wọ ìbọ̀wọ́ awọ tó nípọn, yóò ti ọwọ́ bọ inú àgò jẹ́ẹ́jẹ́. Òmíràn á fò mọ́ ọwọ́ náà, á gé e jẹ, á máa han gooro. Òmíràn á sá lọ kọ̀rọ̀. Òmíràn, wọn kò pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, á wá gbóòórùn ìka rẹ̀, á sì dúró. Agatha ya àwọn tó ń gbóòórùn sọ́tọ̀ kí wọ́n máa gun ara wọn; ó ya àwọn tó ń géni jẹ náà sọ́tọ̀. Ìran dé ìran, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Kò fi oúnjẹ tan èyíkéyìí nínú wọn, kò sì fi igi lu èyíkéyìí. Yíyàn nìkan ló ń yàn wọ́n.

Ọdún ń gorí ọdún, ìyàtọ̀ wọn sì wá di ohun tí afọ́jú pàápàá lè mọ̀. Àwọn oníwà tútù á sáré wá sẹ́nu àgò bí wọ́n bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á gun apá rẹ̀ dé èjìká. Akọ méjì nínú wọn lè gbé pọ̀ láìjà. Bí a bá fi akọ méjì nínú àwọn abínú sójú kan, ẹ̀jẹ̀ ló ń kẹ́yìn rẹ̀. Agatha gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Họ́mòònù kan wà tí ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ìdààmú bá dé bá ẹ̀dá. Nínú àwọn oníwà tútù, ó ti dín kù gan-an. Kókó tó ń tú u jáde, tó jókòó sórí kíndìnrín bí fìlà, ti kéré sí ti àwọn yòókù. Ohun tí ojú rí nínú ìwà wọn ti wọnú ara lọ.

Ó wá ṣe ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó gbé àwọn ọmọ tí ìyá abínú ṣẹ̀ṣẹ̀ bí fún ìyá oníwà tútù tọ́, ó sì gbé ti oníwà tútù fún abínú. Wọ́n mu ọmú alágbàtọ́, wọ́n sùn sí ìhà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dàgbà tí Agatha sì ti ọwọ́ bọ àgò, ọmọ abínú fò mọ́ ọn bí ìyá tó bí i ì bá ti ṣe. Ọmọ oníwà tútù tó dàgbà lọ́dọ̀ abínú wá, ó gbóòórùn ìka rẹ̀.

Agatha bọ́ ìbọ̀wọ́, ó jókòó. Kò mọ̀ bóyá inú òun dùn tàbí inú òun bàjẹ́. Bó bá rí báyìí, a jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ìbínú Olúgbádé ti wá, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. A jẹ́ pé kóbókò kò jẹ̀bi. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn rẹ̀ ti kọ̀.

Nígbà yẹn, bàbá ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ díẹ̀ kọ lù ú, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Agbára ti lọ, ohùn ti wálẹ̀. Láwọn ọ̀sán kan Agatha máa ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ nínú ọkọ̀ kí ó má baà dá wà nílé, Ọláyọ̀ tó ń bá a tọ́jú àwọn eku á gbé àga fún un nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá fẹ́ràn àwọn oníwà tútù. Ó máa ń jẹ́ kí Ọláyọ̀ gbé ọ̀kan lé òun lẹ́sẹ̀, á sì fi ìka kan ṣoṣo máa pa á lẹ́yìn. Agatha máa ń wo ọwọ́ náà láti ọ̀kánkán, á sì ní láti yíjú sí ibòmíràn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ibà Lásà máa ń jà ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀, wọ́n á máa sọ fún ara wọn pé kí wọ́n bo gààrí, kí wọ́n má sá ẹ̀gẹ́ sẹ́bàá ọ̀nà. Hàlímàt ló tẹ Agatha láago. Ó ní ara Bọ̀dá Olúgbádé ti gbóná fún ìgbà díẹ̀, àwọn rò pé ibà ẹ̀fọn ni, wọ́n ti fún un lóògùn, kò lọ. Wọ́n ti gbé e dé Ifọ̀n, láti Ifọ̀n wọ́n ti ń gbé e bọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde ní ìdí eyín rẹ̀.

Nígbà tí Agatha dé ọsibítù, wọ́n ti ya Olúgbádé sọ́tọ̀. Wọn kò lè jẹ́ kí ó wọlé; fèrèsé gíláàsì ló wà láàárín wọn. Nọ́ọ̀sì kan tó di ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ gbé fóònù sí etí Olúgbádé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fojú kan ara wọn. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní Kérésì ni Agatha máa ń yọ́ lọ sí Imoru, èyí tó sì lọ kẹ́yìn kì í ṣe ti àná. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ojú bàbá wọn gan-an ló ń wò ó láti orí ibùsùn yẹn.

“Má jẹ́ kí Bàbá wá,” ni Olúgbádé sọ. “Kò gbọdọ̀ rí mi ní ìdùbúlẹ̀.”

Agatha ní òun kò ní mú un wá. Ó bi í pé ṣé kò sí nǹkan kan tó fẹ́ kí òun sọ fún Bàbá. Olúgbádé ní, “Sọ fún un pé iṣu ọdún yìí ta dáadáa.”

Ó jíṣẹ́ náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Bàbá gbé ṣíbí oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ orúkọ Olúgbádé lẹ́nu rẹ̀, kò sì dárúkọ rẹ̀ báyìí náà. Ó kàn bèèrè irú iṣu tó gbìn. Agatha kò mọ̀. Bàbá ní bó bá jẹ́ ilẹ̀ Imoru, ó yẹ kó jẹ́ irú iṣu tí wọ́n ń pè ní ọ̀dọ́. Ọ̀dọ́ máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ó tún un sọ kó tó lọ sùn.

Olúgbádé kò rí ọ̀sẹ̀ náà parí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló sin ín, bó ti yẹ kí wọ́n sin ẹni tí àìsàn bẹ́ẹ̀ bá pa. Àwọn mọ̀lẹ́bí dúró ní òkèèrè, lẹ́mọ́ọ̀mù Imoru kírun sí i láti ibi tó wà, Agatha sì ń ka Ẹ Kú Màríà sínú nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Wọ́n ń yẹ ara Hàlímàt àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Ṣèyíọlá àti Naimat, wò lójoojúmọ́, Ọlọ́run sì yọ wọ́n, ibà náà kò mú ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Bàbá kò sunkún. Ó jókòó sórí àga ní bàrándà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ síbi kankan. Ní ọ̀sán kan, bí Agatha ṣe ń gbé omi fún un, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní òun ti ń ro ọ̀rọ̀ àwọn eku wọ̀nyẹn. Ọláyọ̀ ti ṣàlàyé fún òun nípa àwọn tí wọ́n gbé fún ìyá oníwà tútù tọ́, tí wọn kò yí padà.

“Ṣé bí a ṣe bí i nìyẹn?” ni bàbá wí. “Bí mo bá tilẹ̀ fi ọwọ́ tútù tọ́ ọ, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ì bá rí?”

Agatha rí i pé bàbá kò wo ojú òun. Kò sí ohun tó rọrùn ju kí ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ wí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi ṣe é. Bàbá arúgbó á sùn lóru yẹn. Ó la ẹnu láti sọ ọ́, ohun mìíràn ló sì jáde.

“Ìyá eku kì í na ọmọ ní kóbókò, Bàbá. Ìyẹn ni n kò dán wò.”

Jẹ́ẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bó ṣe máa ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Bàbá mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí wọ́n ka ìdájọ́ fún tí kò sì ní í pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Agatha wọlé, ó dúró ti ẹ̀rọ ìdáná. Ọ̀rọ̀ líle àkọ́kọ́ tó sọ sí bàbá rẹ̀ láyé nìyẹn, orí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ló sì já sí. Òun náà, ọmọ Boniface ni.

Láàárín àkókò yìí, ìròyìn ti tàn kálẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sọ pé ibà Lásà pa ẹ̀gbọ́n obìnrin tó ń sin eku. Agatha ṣàlàyé títí tí ẹnu fi ro ó: ẹ̀yà eku tó ń gbé ibà náà yàtọ̀, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ti òun wò, wọn kò ní í, Olúgbádé kò sì dé ibi iṣẹ́ òun rí. Ọ̀gá ẹ̀ka wọn, Dókítà Adégbénga, gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ti ń sọ pé àwọn yóò kó ọmọ wọn kúrò, àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn ògiri ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ti wá dúró sẹ́nu géètì. Ọ̀gá náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé iṣẹ́ náà ti parí, kí ó gba ẹ̀jẹ̀ ìkẹyìn, kí ó wọn àwọn kókó orí kíndìnrín, kí ìmọ̀ má ṣe ṣòfò. Agatha kò bá a jiyàn. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Òun àti Ọláyọ̀ ló ṣe é. Àpótí kan wà tí wọ́n ń tú oògùn oorun sí. Eku á sùn níbẹ̀, kò ní í jí mọ́. Àwọn abínú ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n jà. Wọ́n gé ìbọ̀wọ́ jẹ, wọ́n han, wọ́n sá yí àgò ká, ó sì gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó mú gbogbo wọn tán. Agatha kò mọ̀ pé òun lè yin ẹranko kan fún jíjà, ṣùgbọ́n ó yìn wọ́n nínú ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó kan àwọn oníwà tútù. Ó ṣí ilẹ̀kùn àgò àkọ́kọ́. Wọ́n ti dúró dè é sẹ́nu ọ̀nà. Kò nílò ìbọ̀wọ́. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ọ̀kan gun orí rẹ̀, ó gbé e lọ sí àpótí. Ó padà dé, òmíràn ti wà níbẹ̀, ó na imú sókè, ó ń gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn ń ti ti iwájú kí ó lè tètè kàn án. Ọláyọ̀ bọ́ sí ìta, kò lè wò ó mọ́. Agatha nìkan ló ṣe ìyókù. Òun ló yọ ẹ̀rù kúrò lára wọn, ìran lé ìran, títí kò fi sí ohun tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tó lè sọ fún wọn pé kí wọ́n sá. Ó ń rò ó bó ṣe ń gbé wọn. Kò dá dúró títí tí àgò fi ṣófo.

Nígbà tí wọ́n ti fi Hàlímàt sílẹ̀ pé ara rẹ̀ dá, Agatha wakọ̀ lọ sí Imoru láti bá a palẹ̀ ẹrù mọ́. Wọ́n gbọn ilé, wọ́n sun àwọn àpò àtijọ́, wọ́n kó iṣu tó kù jọ. Nígbà tí wọ́n jókòó sinmi lábẹ́ igi káṣú, Agatha bi í léèrè ohun tó ti fẹ́ bèèrè láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ó ní, “Ìyá Naimat, ṣé Bọ̀dá máa ń nà yín?”

Hàlímàt dá a lóhùn. “Rárá, Àǹtí. Kò nà wá rí, èmi àti àwọn ọmọ.”

Ó wá sọ bí Olúgbádé ṣe ń ṣe. Ó ní ìbínú náà wà, kò lọ ibì kankan. Ó máa ń dé bí ìjì. Ojú rẹ̀ á pọ́n, ọrùn rẹ̀ á le. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, á mú ọkọ́, á gba oko lọ, ìbáà jẹ́ òjò ló ń rọ̀. Á máa kọ ebè títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Hàlímàt ní nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé rẹ̀, òun rò pé ó ní obìnrin kan tó ń bá pàdé lóko ni. Òun tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan. Òun bá a tó ń kọ ebè, tó ń sunkún. Bí ebè wọn ṣe máa ń pọ̀ ju ti àwọn ará abúlé yòókù lọ nìyẹn. Àwọn ènìyàn rò pé akíkanjú àgbẹ̀ ni.

Agatha fi orí lé orúnkún. Eku kan kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nínú gbogbo ìran tó sìn, kò sí èyí tó fò dé iwájú ọwọ́, tó mọ ohun tó wà nínú ara òun, tó sì yí padà. Igbe rẹ̀ jáde níbẹ̀, èyí tí kò ké nígbà ìsìnkú. Hàlímàt fà á mọ́ra.

Nígbà tó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ dópin, omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó bẹ Agatha pé kí ó mú àwọn ọmọ náà wá kí òun rí wọn. Agatha padà lọ bá Hàlímàt. Hàlímàt kò bínú, ó sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí ọkọ òun bẹ òun fún ní gbogbo ọdún tí àwọn fi gbé pọ̀ ni pé kí àwọn ọmọ má ṣe wọ ilé tí bàbá rẹ̀ bá ń gbé. Ó ti lọ, òun kò sì lè wá máa yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀. Kí Àǹtí máa wá ní tiwọn. Ilé wọn ni.

Agatha ń lọ lọ́jọ́ Sátidé, ó ń padà, ó ń jíṣẹ́. Bàbá kò bèèrè mọ́ pé kí wọ́n mú wọn wá. Ìwà wọn nìkan ló máa ń bèèrè. Ó fẹ́ mọ ẹni tí Ṣèyíọlá fi gíga jọ, ó fẹ́ mọ ohùn tí Naimat ní.

“Ṣé èyí obìnrin yẹn máa ń bínú?” ló bèèrè lọ́jọ́ kan.

“Ó máa ń bínú gan-an, Bàbá. Ó máa ń yí ara mọ́lẹ̀.”

“Kí ni wọ́n ń ṣe fún un?”

“Ìyá rẹ̀ máa ń jókòó tì í,” ni Agatha wí, “títí yóò fi bínú tán.”

Bàbá ní òun kò mọ̀ rí pé ìbínú máa ń tán.